Mo Fi Omi Ìwẹ̀ Bo Omi Ọmọ Mọ́lẹ̀

Tí ẹ bá ń wá ìyá ọkọ tó gbọ́n jù lọ ní gbogbo agbègbè Klaten, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, ẹ ti rí i. Èmi ni. Warsiyem lorúkọ mi, Bu War, ìyẹn Ìyá War, ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nígbà kan báyìí, díẹ̀ ló kù kó gba ẹ̀mí ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ bú mi bó bá wù yín. Èmi náà ti bú ara mi títí, ó ti sú mi.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Prasojo. Ó fẹ́ Endah, ọmọ Wonosobo, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí. Tí mo bá ní òjò ń bọ̀ nígbà tí oòrùn mú ganrínganrín, Endah á sáré lọ ká aṣọ wọlé. Ilé mi ni àwọn méjèèjì ń gbé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyàwó ilé kì í sọ pé irọ́ ni ìyá ọkọ òun ń pa, bó tilẹ̀ rí irọ́ náà lórí tábìlì.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ mi o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lára àwọn obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní posyandu abúlé wa, níbi tí a ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ lóṣooṣù, tí a sì ti ń dá àwọn aboyún lẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú. Èmi ni mo máa ń na ọ̀pá sí àwòrán.

"Tí omi bá ń jáde lára yín kí oṣù yín tó pé," màá ní, "ẹ má dúró wẹ̀, ẹ má dúró jẹun, ẹ má dúró de ọkọ. Ilé agbẹ̀bí tààrà! Oògùn wà tí wọ́n máa fún yín kí kòkòrò àrùn má bàa dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ má fi wákàtí kan ṣòfò!"

Àwọn aboyún á máa mi orí, inú mi á sì máa dùn sí ohùn ara mi. Ẹ̀kọ́ tó dára gan-an ni, fún ọmọ ẹlòmíì.

Nígbà tí oyún Endah wọ oṣù keje, ó kan mitoni. Kò sí oyún àkọ́kọ́ tí a kì í ṣe é fún. Àgbà méje á fi omi kànga méje tí a da òdòdó sí wẹ aboyún, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún un lẹ́ẹ̀meje, a ó jẹ, a ó mu. Bu Harjono tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ti ṣe ti ìyàwó ọmọ tirẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ó gba olórin. Ó gba oníkámẹ́rà. Oṣù mẹ́ta ló fi ń rò ó sí mi létí bíi pé rédíò ni wọ́n gbé e sí.

Èmi náà ní kò burú. Mo pe igba àlejò. Mo gba tẹ́ǹtì, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ga ju èmi alára lọ. Aṣọ nìkan ló kù. Batik méje tí àwòrán wọn yàtọ̀ síra ni a nílò, mẹ́rin péré ni mo ní, ojúlówó àtijọ́ sì kún àpótí Bu Harjono. Mo gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ yá mẹ́ta.

"Ẹ mú wọn lọ, Bu War," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ o, kí nǹkankan má kàn wọ́n. Ìyá tó bí ìyá mi ló ni wọ́n."

Bàbá tó ń bá wa wo ọjọ́ ti mú Sátidé. Tí Sátidé yẹn bá kọjá, ó di ọjọ́ márùndínlógójì kí irú rẹ̀ tó tún yí padà, oyún á sì ti kúrò ní oṣù keje. Nítorí náà Sátidé ni, àfi Sátidé.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mò ń ṣa ìrẹsì nílé ìdáná nígbà tí Endah yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, ó fún ẹsẹ̀ pọ̀.

"Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, omi kan ń jáde lára mi. Mi ò lè dá a dúró."

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ti tutù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe ìtọ̀. Ẹni tó ti na ọ̀pá sí àwòrán fún ọdún mọ́kànlá ò lè sọ pé òun ò mọ ohun tó rí. Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mọ̀.

"Ìtọ̀ ni," mo ní.

"Ìtọ̀, Ìyá? Ó kàn ń jáde fúnra rẹ̀ ni."

"Ọmọ ló jókòó lé ọ ní àpò ìtọ̀. Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ, ṣe ni mò ń tọ̀ kiri ilé bí ewúrẹ́."

"Ṣé kí n kàn dé ọ̀dọ̀ Bidan Ratmini kó bá mi wò ó? Mi ò ní pẹ́."

Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá lọ. Bidan Ratmini ni agbẹ̀bí abúlé wa, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ránṣẹ́ pe ọkọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Endah á ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ìlú, wọ́n á máa fún un lóògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á ní kó má dé ìdí omi ìwẹ̀ kankan. Èmi wá ńkọ́? Tẹ́ǹtì ti dúró. Ewúrẹ́ méjì ti wà nínú ìkòkò. Igba ènìyàn ń bọ̀ wá wo ẹni tí a máa wẹ̀. Mo rí ẹnu Bu Harjono lójú mi, bó ṣe máa sún un ki: "Ó mà ṣe o, Bu War. Ó mà ṣe o."

Ọjọ́ kan péré. Kí ni ọjọ́ kan máa ṣe? Mo bi ara mi, mo sì dá ara mi lóhùn pé kò ní ṣe nǹkan kan.

"Tí o bá débẹ̀ lónìí, wọ́n á dá ọ dúró," mo ní. "Ta la máa wá wẹ̀ lọ́la? Èmi?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá sọjú sílẹ̀. "Bí ẹ bá ti wí, Ìyá."

Ẹ ò rí i bó ṣe rọrùn tó? Mi ò pariwo, mi ò halẹ̀. Mo kàn fún un ní aṣọ tó nípọn kó fi dí ara rẹ̀, mo sì ní kó má sọ fún Prasojo, torí àwọn ọkùnrin a máa pariwo lórí ohun tí wọn ò mọ̀.

Ẹ má sì rò pé mo káwọ́ lẹ́yìn o. Ṣebí èmi ni dókítà ilé! Mo rántí pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fún ẹni tí omi rẹ̀ já. Mo ṣí àpótí mi, mo rí kápúsù mẹ́ta tó ṣẹ́kù nígbà tí eyín ń dà mí láàmú lóṣù ààwẹ̀. Ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ọ̀kan láàárọ̀. "Fítámì ni," mo ní fún un. Ó gbé e mì, ó tún dúpẹ́. Kápúsù eyín mẹ́ta fún ọmọ oṣù méje, mo sì sùn dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Endah ò lè jẹun. Ó ní òtútù ń mú òun. Ooru ọjọ́ yẹn ń mú kí òógùn máa ṣàn wọ ojú mi.

"Ẹ̀rù àwọn àlejò ló ń bà ọ́," mo ní. Mo gbé àtíkè pupa láti fi kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti pọ́n fúnra rẹ̀. Inú mi tún dùn pé mo ṣẹ́ àtíkè kù.

Bidan Ratmini wà lára àwọn àlejò. Ó kọjá lára Endah, ó dúró. "Endah, ara ńkọ́? Ojú rẹ ò dá mi lójú."

"Ayọ̀ ni, Bidan!" mo já lu ọ̀rọ̀. "Ayọ̀ ń pa á ni."

"Ayọ̀ kì í mú ojú ènìyàn wọnú báyìí, Bu War."

"Ẹ wá, ẹ wá jókòó, ẹ máa mu tíì." Mo fà á lọ́wọ́, mo mú un lọ sí ìjókòó ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, níbi tí ènìyàn ò ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo tún gbé àwo àkàrà adùn méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mbah Sarinten, ìyá arúgbó tó ń darí ètò, ló kọ́kọ́ bu omi. Èmi ni mo ṣe ìkẹta. Mo bu omi tútù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, mò ń fi eyín han kámẹ́rà. Omi ìwẹ̀ ń ṣàn, omi ọmọ ń ṣàn, ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ èwo? Mo ní nínú ara mi pé, War, o gbọ́n o, kò sí bí ìwọ.

Endah ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ wò ó, ó ń gbọ̀n," Prasojo ní.

"Gbogbo wọn ló ń gbọ̀n. Mú ẹyin adìẹ tí ọkọ máa ń fọ́ níbi ìwẹ̀ yẹn, kí o lọ fọ́ ọ síbi tí wọ́n ní kí o fọ́ ọ sí."

Ó lọ fọ́ ẹyin. Ọmọ mi náà kì í já mi nírọ́.

Wọ́n nu Endah gbẹ, wọ́n mú un wá síwájú. Wọ́n ró batik àkọ́kọ́ fún un. "Ṣé ó yẹ ẹ́?" Mbah Sarinten béèrè. "Kò tíì yẹ ẹ́!" gbogbo tẹ́ǹtì dáhùn. Wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ró ìkejì. "Kò tíì yẹ ẹ́!" Bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹfà. Nígbà tí ó kan ìkeje, wọ́n hó yèè: "Ó yẹ ẹ́!" Endah wá jókòó lé orí òkìtì aṣọ mẹ́fà náà bí adìẹ tó sàba, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é, Prasojo jókòó tì í, wọ́n ń ya àwòrán wọn. Mo wo Bu Harjono láti ẹ̀gbẹ́. Ojú rẹ̀ ò dùn. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀.

Wọn ò tíì ya àwòrán tán tí obìnrin náà fi dìde. "Bu War, ẹ jẹ́ kí n tètè kó aṣọ mi kí ọbẹ̀ tó kàn án."

Ó ní kí Endah gbé ìdí díẹ̀, ó fa tirẹ̀ àkọ́kọ́ yọ. Ó dúró. Ó fa ìkejì. Ó fa ìkẹta.

"Omi rèé?"

"Omi ìwẹ̀ ni," mo ní. "Láti inú irun rẹ̀ ló ti kán sí i."

"Irun?" Ó gbé aṣọ náà sókè kí gbogbo ayé rí i. "Orí ni irun wà, Bu War. Ìdí ló fi jókòó lé aṣọ mi. Àbí nílé tiyín, ìdí ni irun ń hù sí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó wá gbé aṣọ súnmọ́ imú láti mọ̀ bóyá òórùn rẹ̀ á jáde tó bá fọ̀ ọ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe omi òdòdó," ó ní jẹ́jẹ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni orin parí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bidan Ratmini gbọ́. Ó dìde pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́, ó gba àárín àwọn ènìyàn wá, ó fọwọ́ kan iwájú orí Endah.

"Iná ni ara ọmọ yìí!" Ó gba aṣọ, òun náà gbóòórùn rẹ̀. "Endah, omi rẹ ti já. Láti ìgbà wo?"

Endah wò mí.

"Nísinsìnyí ni!" mo ní. "Níbi ìwẹ̀. Omi tútù ló bá a lójijì."

"Endah ni mo bi léèrè."

"Bí Ìyá ti wí ni," Endah ní.

Ọkọ̀ olórí abúlé la fi gbé e. Kí a tó yọ sí títì ńlá, wọ́n ti ń pín ẹran ewúrẹ́ lẹ́yìn wa. Mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé gbogbo ènìyàn ló jẹ́rìí pé ọbẹ̀ mi dùn. Ṣebí ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Dókítà tó gba Endah lọ́sibítù, Nastiti lorúkọ rẹ̀, kékeré ni lójú mi débi pé mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá dókítà gidi ń bọ̀.

"Ìgbà wo ni omi já?"

"Ọ̀sán yìí, bí aago méjìlá."

"Ó ti lo oògùn kankan?"

"Rárá o."

Ó wo aago, ó wo ìwé. "A ò tíì kọjá aago méjì. Omi tó já ní wákàtí méjì sẹ́yìn ò gbọdọ̀ fa irú ibà yìí. Kòkòrò kì í sáré tó bẹ́ẹ̀." Ó ronú. "Ibà ẹ̀fọn, dengue, ṣé ó ń jà lágbègbè yín?"

"Ó ń jà gan-an!" mo dáhùn bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. Mo tún ka iye ilé tó ti wọ̀ fún un. Ṣebí òṣìṣẹ́ ìlera ni mí.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Endah láti wá ibà ẹ̀fọn. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń fún ẹni tí omi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan nítorí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Dókítà wá ṣàlàyé fún Prasojo.

"Àpò omi yẹn ni ògiri ọmọ. Tó bá ti ya, kòkòrò á máa gòkè lọ bá a. Oògùn yìí la fi ń ṣíwájú wọn. Tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ lè rí ọjọ́ mélòó kan sí i nínú, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ara rẹ̀ gbó díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kòkòrò bá ti ṣíwájú wa, oògùn inú iṣan tó lágbára ló kù, kí a sì gbé ọmọ jáde kíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè wákàtí."

Prasojo yíjú sí mi. "Ṣebí aago méjìlá ni, Ìyá?"

"Aago méjìlá ni."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn tí kò jẹ ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Bidan Ratmini jókòó tì mí.

"Bu War, mo ti sọ fún dókítà pé mi ò gba wákàtí yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sí nílé yín, mi ò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

"Kí lẹ ń sọ, Bidan?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni mo kọ́ yín."

Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ kí n sòótọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rù ọmọ ló kọ́kọ́ ń bà mí. Ojú Prasojo ni. Mò ń rò ó pé tí mo bá lanu, ta ni màá jẹ́ lọ́la? Ta ló máa tún pè mí síwájú? Ọmọ ń jó nínú ìyá rẹ̀, mo jókòó, mò ń tọ́jú orúkọ.

Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún, dókítà kékeré yẹn yára jáde, ó ní kí a wọlé. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ibà ẹ̀fọn kọ́. Ọkàn ọmọ ń sáré, ó ti ń lù ní àádọ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, omi tó ń jáde sì ti ń rùn. A máa gbé e jáde báyìí. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọ tuntun ń dúró, wọ́n fẹ́ mọ iye wákàtí tí omi ti fi ń jáde. Mi ò fẹ́ irọ́ mọ́." Ó tẹ̀ síwájú. "Endah, ìgbà wo?"

Ètè Endah ti bó. Ó ṣí ojú díẹ̀díẹ̀, ó wá mi kiri nínú yàrá náà títí ó fi rí mi. Ó wá ń wò mí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ń tọrọ àyè ni. Ara rẹ̀ ń jó, ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nínú rẹ̀, ó ṣì ń dúró kí n gbà fún un kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun kan já nínú mi.

"Àná," mo ní. "Àná, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Nílé ìdáná. Mo rí i, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bidan, èmi ni mo dá a dúró. Mo fún un ní kápúsù mẹ́ta tí mo fi tọ́jú eyín."

Dókítà fi ìka ṣírò rẹ̀. "Wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ó ní. "Pẹ̀lú kápúsù mẹ́ta. Ìyá, àwọn kòkòrò tí ò lágbára nìkan lẹ pa. Ẹ wá fi àwọn akọni inú wọn sílẹ̀ fún ọmọ." Ó ti ń pe nọ́ọ̀sì kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n tú oògùn sínú iṣan Endah, wọ́n tì í lọ.

Prasojo ò gbéra. "Mo bi yín níbi ìwẹ̀," ó ní. "Mo bi yín níbí. Nítorí kí ni, Ìyá? Nítorí tẹ́ǹtì?"

"Nítorí tẹ́ǹtì," mo ní.

Obìnrin ni ọmọ náà. Kò tó kílò kan ààbọ̀. Kò ké nígbà tó jáde. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ara gbóná, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín sí i nímú, wọ́n wá iṣan tí kò ju fọ́nrán òwú lọ láti fi oògùn apakòkòrò sí. Àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbàgbé láti mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ìka ta á lẹ́sẹ̀ kó tó rántí. Endah alára fi ọjọ́ mẹ́jọ dùbúlẹ̀. Èmi ń fọ aṣọ. Wọ́n ní kí n máa fọ aṣọ, mo sì ń fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ju "ẹ gbé e síbẹ̀" lọ.

Mo lọ bá Bidan Ratmini, mo gbé aṣọ iṣẹ́ posyandu mi fún un, mo ní mi ò yẹ mọ́.

"Ẹ gbé e padà," ó ní. "Ṣé ẹ rò pé ẹ máa lọ jókòó sílé, kí ẹ máa káàánú ara yín? Ẹ máa dúró níwájú wọn lóṣooṣù, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe. Lóṣù àkọ́kọ́, Bu Harjono wá jókòó ní iwájú pátápátá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí irun tó ń hù nídìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun gan-an ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: tí omi bá jáde lára ìyàwó ọmọ yín kí oṣù tó pé, ẹ má gbóòórùn rẹ̀, ẹ má ṣí àpótí oògùn yín, ẹ má ka àlejò. Ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì, wọ́n ní kí a máa gbé ọmọ lọ sílé. Kiswari ni wọ́n sọ ọ́. Nínú ẹbí wa, ìyá bàbá ọmọ ló máa ń gbé ọmọ àkọ́kọ́ jáde, nítorí náà mo ra aṣọ ìgbọ́mọ tuntun, mo wọ kebaya, ẹ̀wù òde mi tó dára jù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì.

Endah wò mí. Ohùn rẹ̀ ò ga.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ó ní. "Ẹ ò ní gbé e."

Ọdún mẹ́ta tó fi wà nílé mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Prasojo ń wo òkè àjà. Nọ́ọ̀sì ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó dára, ọmọ mi." Mo ká aṣọ náà sínú àpò, mo gbé báàgì ìlédìí, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn dé ibi ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí Wonosobo, sílé àwọn òbí Endah. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní.

Kiswari ti lé lọ́dún kan báyìí. Àrùn yẹn ti di etí rẹ̀ kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí wọn, wọ́n á tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n á fún mi ní tíì. Ọmọ náà ti ń rìn. Á tẹsẹ̀ wá bá mi, á di orúnkún mi mú, á na ọwọ́ sókè pé kí n gbé òun. Èmi á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan mi, màá jókòó lé wọn, màá sì máa wo ojú Endah. Endah ò tíì sọ nǹkan kan.